Ètò Tí Mo Ṣe Láì Bi Ọkọ Mi

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí ní ọdún tí mo fi rúlà fa ìlà sínú ìwé ìkọ̀wé tuntun kan, tí mo sì kọ ọ́ sókè ojú ewé àkọ́kọ́ pé: "Ètò Ìrìn-Àjò Ìdílé Wa." Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti fa ìlà fún ọdún márùndínlógójì kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan láì fa ìlà. Ibi tí a fẹ́ lọ ni ilé ńlá kan nínú ọgbà yunifásítì kan tó jìnnà sí Ìkọ̀lé tí à ń gbé. Wọ́n kó egungun ẹranko, òkúta inú ilẹ̀, labalábá gbígbẹ àti oríṣiríṣi ohun àdáyébá jọ síbẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lè wá fojú rí i. Mùsíọ́mù ni àwọn ọmọ ń pè é. Ọkọ mi, tó kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní báyọ́lọ́jì títí ó fi fẹ̀yìn tì, ti ń sọ̀rọ̀ ibẹ̀ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, ṣùgbọ́n kò débẹ̀ rí.

Kì í ṣe pé kò gbìyànjú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá ilé ìwé pé òun fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fún un ní bọ́ọ̀sì. Àwọn ọmọ ti wọ̀, wọ́n ti ń kọrin, bọ́ọ̀sì kò sì kọjá Ìdó tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi kọṣẹ́. Wọ́n tún kọrin padà sílé, ṣùgbọ́n òun kò bá wọn kọ ọ́. Láti ìgbà náà ló ti ń ṣe mùsíọ́mù tirẹ̀. Ọmọ tí ilé rẹ̀ bá wà ní Ààyè tàbí ní abúlé mìíràn, tí bàbá rẹ̀ bá pa ejò lóko, ọkọ mi á ní kó gbé e wá. Á fi í sínú ìgò, á da fọ́málínì, omi oògùn tí kì í jẹ́ kó jẹrà, sí i, á kọ orúkọ rẹ̀ sára. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, àwọn ìgò náà bá a wálé. Àwọn obìnrin ìjọ wa kì í fẹ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ìwé wa bí a bá ń ṣe ìpàdé nílé mi, nítorí ejò ń wò wọ́n lẹ́yìn.

Ohun tó sọ ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò náà di kánjúkánjú ni ìgbàgbé.

Ọkọ mi ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ní òun ń lọ ra búrẹ́dì ní etí títì. Wákàtí méjì kọjá, mi ò rí i. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tí fóònù mi dún. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìwé tí ọkọ mi ti ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn ní Ọ̀yẹ́ ló ń pè mí.

"Màmá, Ọ̀gá wa àtijọ́ wà níbí o. Wọ́n ní àwọn ti pẹ́ sí kíláàsì."

Takisí ló wọ̀ láti Ìkọ̀lé. Nígbà tí èmi àti ọmọbìnrin wa fi débẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà láàbù, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo àgádágodo ara ilẹ̀kùn bí ẹni tó ń retí ẹni tí yóò ṣí i. Bó ti rí wa ni ojú rẹ̀ padà bọ̀ sípò. Ó ní, "Mo kàn ní kí n wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ibẹ̀ ni." A ò bá a jiyàn.

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní Ìdó pe èmi àti ọmọ mi sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní ìgbàgbé náà yóò máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Oògùn lè fà á sẹ́yìn, kò lè dá a dúró. Ó ní ohun tí a bá fẹ́ bá a ṣe, kí a tètè ṣe é nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì lè mọ̀ pé òun ló ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ yìí kò jáde lẹ́nu wa sétí ọkọ mi. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni a sọ fún un. Mo mọ̀ pé bí akẹ́kọ̀ọ́ mi bá pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ fún mi, ìdí ògiri ni yóò dúró sí títí agogo yóò fi lù.

Ohun kan ṣoṣo ló wá kù tí mò ń wá: kí ọkọ mi fi ojú ara rẹ̀ rí ilé yẹn, kí ọpọlọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ojú rẹ̀, kí ọjọ́ tó lọ.

Ọmọbìnrin wa yìí ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ ọ̀gbìn ní yunifásítì tó wà níhìn-ín ní Ìkọ̀lé. Òun ló bá mi pe àwọn tó ń bójú tó mùsíọ́mù náà. Wọ́n fún wa ní Ọjọ́bọ̀ kan, nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin méjèèjì, ẹ̀gbọ́n ẹni ọdún méjìlá àti àbúrò ẹni ọdún méje, yóò wà ní ọlidé. Òun ni yóò wa mọ́tò. Ọ̀sẹ̀ yẹn nìkan ló sì rí gbà níbi iṣẹ́. Bí Ọjọ́bọ̀ náà bá bọ́, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí òmíràn yóò wà, tàbí irú ẹni tí ọkọ mi yóò ti dà nígbà náà.

Nítorí náà ni mo ṣe fa ìlà. Aago mẹ́rin ààbọ̀ àárọ̀, ìwẹ̀. Aago márùn-ún, àdúrà kúkúrú, kí a wọ mọ́tò. Mo kọ ibi tí a óò ti dúró tọ̀. Mo kọ dùndú, ẹyin sísè àti omi sí i, mo kọ ẹni tí yóò gbé e. Mo kọ oògùn ọkọ mi àti wákàtí tí yóò lò ó. Mo kọ ẹni tí yóò jókòó ti ilẹ̀kùn ọ̀tún àti ẹni tí yóò jókòó ti òsì, kí ọkọ mi lè wà láàárín. Bí mo ti ń kọ ọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni àyà mi ń já tó. Bí mo bá ń ṣa ẹ̀wà, mo lè ṣàdédé gbé àwo sílẹ̀. Bí ó bá wọ ilé ìtọ̀, tí ó gba ilẹ̀kùn mìíràn jáde ńkọ́? Bí ó bá rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó pọ̀, tó bá tún rò pé òun ti pẹ́ sí kíláàsì, tó bá tẹ̀ lé wọn lọ? Ọgbà náà tóbi ju ìlú mìíràn lọ. Ta ló mọ̀ ọ́n níbẹ̀?

Ìbẹ̀rù yìí ló rán mi létí ọgbọ́n tí mo fi ń kó àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rìn nígbà ayé iṣẹ́ mi. Gbogbo ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́ tí mo bá kó jáde, mo máa ń so káàdì mọ́ ọn lọ́rùn, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti ti ilé ìwé. Mi ò sọ ọmọ kankan nù rí. Mo kọ ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ sórí bébà, mo mú un lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì, wọ́n ṣe káàdì mẹ́ta fún mi, wọ́n fi rọ́bà bò ó kí omi má bà á jẹ́. Mo fi òwú pupa ṣe okùn rẹ̀. Méjì jẹ́ ti àwọn ọmọ. Mo tọ́jú wọn sínú dúrọ́ọ̀ pálọ̀, mo sì mí kanlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ọkọ mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ọsàn fún àwọn ọmọ. Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àbúrò ti wọlé lọ wá ọ̀bẹ kejì, ó sì ti ṣí dúrọ́ọ̀ tí kò yẹ kó ṣí. Ó sáré jáde, káàdì tirẹ̀ ti wà lọ́rùn rẹ̀.

"Bàbá àgbà, ẹ wò ó, mo ní káàdì! Ẹ̀yin náà ní o! Ẹ tẹrí ba kí n so ó fún yín."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó tẹrí ba. Eré ló rò pé ó jẹ́. Mo na ọwọ́, ọwọ́ mi kò tó o. Nígbà tí okùn náà jókòó sọ́rùn rẹ̀ tán, ó gbé káàdì sójú, ó sún gíláàsì rẹ̀ sókè, ó kà á bí ẹni tó ń ka ìbéèrè ìdánwò fún kíláàsì.

"'Orúkọ mi nìyí. Bí ẹ bá rí mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí n kúrò níbẹ̀. Ẹ pe nọ́mbà yìí.'" Ó tún padà sókè. "Bí ẹ bá rí mi. Ta ló sọnù?"

Ẹ̀gbọ́n, tó ti gbọ́n ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, dá sí i kíákíá. "Gbogbo wa la ní in, Bàbá àgbà."

"Ó dáa. Tìrẹ dà, Tíṣà?" Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn. "Ti ìyá wọn dà?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èèpo ọsàn sínú àwo.

"Àwọn ọmọ méjì, èmi ìkẹta. Ewúrẹ́ ni mo mọ̀ tí wọ́n ń so okùn mọ́ lọ́rùn ní ìlú yìí. O ò kúkú so mí mọ́ igi ọsàn yẹn, kí o máa já ewé fún mi jẹ."

Àbúrò bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá àgbà ń jẹ ewé!" Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó bọ́ káàdì náà, ó ká okùn rẹ̀ dáadáa, ó gbé e lé orí èèpo ọsàn inú àwo.

"Ẹ máa lọ ní Ọjọ́bọ̀," ló wí. "Ulé ni mo wà." Ohùn Èkìtì ló fi pe ilé.

Ẹni tó bá mọ ọkọ mi mọ̀ pé kì í pariwo. Ó ń kí mi, ó ń jẹun, ó ń dúpẹ́ oúnjẹ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti fẹnu kan Ọjọ́bọ̀, á ní, "Ẹ bá mi kí wọn níbẹ̀." Mo ní kó má bínú. Ó ní òun kò bínú. Mo ti fi ọwọ́ ara mi ba ohun tí mò ń tọ́jú jẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ wa bá mi ní ilé ìdáná.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká fagi lé e. Tàbí ká kàn mú àwọn ọmọ lọ."

"Kí la fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀ láìsí i?"

"Ẹ bẹ̀ ẹ́ nígbà náà."

"Mo ti bẹ̀ ẹ́."

"Ẹ ní kí wọ́n má bínú. Ìyẹn kọ́ ni ẹ̀bẹ̀. Ẹ sọ ohun tí dókítà sọ fún wọn."

"Bí ọ̀rọ̀ náà bá wó o lulẹ̀ ńkọ́?"

Ó bu omi mu, ó gbé ife kalẹ̀. "Ṣé ẹ rí i pé wọ́n dúró báyìí?"

Kì í ṣe ohùn tó yẹ kí ọmọ fi bá ìyá sọ̀rọ̀, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n kò purọ́.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, lẹ́yìn tí a gbàdúrà tán, ọkọ mi fẹ́ dìde. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó wò mí.

"Dìde. Orúnkún yẹn ò gba irú eré yìí mọ́."

"Mi ò ní dìde títí màá fi sọ ọ́ tán." Mo bá sọ ọ́. Mo sọ bí dókítà ṣe pè wá sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sọ ohun tó wí láì yọ ọ̀kan sílẹ̀, mo ní kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru, mo ní èmi ni mo dá a lábàá pé kí a pè é bẹ́ẹ̀.

"Mo mọ̀," ló wí.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ta ni yóò sọ fún mi? Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jò, ṣé aládùúgbò ni yóò wá sọ fún un ni? Lọ́jọ́ Ọ̀yẹ́ yẹn, mo dúró níwájú ilẹ̀kùn, mo mọ̀ pé ohun kan kò tọ́, mi ò sì mọ ohun tó jẹ́. Ẹ̀rù bà mí. Ẹ wá dé, ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ní, ó dáa, bí ẹ bá fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, kó jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀yin náà purọ́ fún mi nìyẹn."

"A jọ pa á ni. Kọ ọ́ sínú ìwé rẹ." Ó na ọwọ́ sí mi, mo dìde pẹ̀lú ìnira. "Ìwé náà dà? Gbé e wá. Gbé báírò pupa wá pẹ̀lú."

Mo gbé e fún un. Mi ò tíì rí ìgbà tí mo jókòó bí akẹ́kọ̀ọ́ níwájú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, ìka rẹ̀ ń tọ ìlà, ó sì dúró.

"Aago márùn-ún àárọ̀. Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni. Kí a lè tètè dé, kí a lè tètè padà."

"Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ ní aago márùn-ún. O fẹ́ kó obìnrin mẹ́rin àti arúgbó kan gba ọ̀nà inú igbó yẹn nínú òkùnkùn, lásìkò tí à ń gbọ́ ohun tí à ń gbọ́ nípa àwọn ajínigbé? Àwọn awakọ̀ gan-an kì í gbéra ní Ìkọ̀lé títí ilẹ̀ fi mọ́ dáadáa. Lọ bi wọ́n ní gáréèjì."

Òótọ́ ni. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n, èmi náà sì mọ̀ ọ́n. Ní ìjọ wa, a ti ń gbàdúrà nítorí ọ̀nà yẹn láti oṣù mélòó kan. Ṣùgbọ́n mo ti gbé ojú mi lé ọkọ mi àti ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ débi pé mi ò rí igbó tí mo fẹ́ ti gbogbo ìdílé mi sí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tí mo rò pé kò lè mọ̀nà ló rí i ní ìlà kejì. Ká ní mo ti bi í láti ìbẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú kan ni ìbá gbà á.

Ó fa ìlà pupa gba orí rẹ̀, ó kọ "aago méje" sí ẹ̀gbẹ́. Nísàlẹ̀, ó kọ ọ́ pé bí aago méjì ọ̀sán bá lù, kí a ti kúrò níbẹ̀, yálà a ti rí gbogbo rẹ̀ tàbí a kò tíì rí i. Ó fagi lé ibi tí mo ní kó jókòó sí láàárín. Ó ní ìwájú lòun yóò jókòó, nítorí ọmọ òun máa ń sáré bó bá ń wa mọ́tò.

"Káàdì ńkọ́?" mo bi í pẹ̀lẹ́.

Ó já bébà kékeré lẹ́yìn ìwé náà, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nọ́mbà mi àti ti ọmọ wa sí i, ó ká a sínú àpò àyà ẹ̀wù tí yóò wọ̀. Ó pe ẹ̀gbọ́n.

"Ìwọ ni màá di lọ́wọ́ mú. Bí o bá rí i pé mo ń lọ síbi tí kò yẹ, fà mí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Má pariwo."

"Tí ẹ bá ń bá mi jà ńkọ́, Bàbá àgbà?"

"Fà á lẹ́ẹ̀mejì."

A gbéra ní aago méje Ọjọ́bọ̀. Ọkàn mi kò balẹ̀, kí n má purọ́. Ní gbogbo ibi tí ọlọ́pàá ti dá wa dúró ni mo ti ń wo ẹ̀yìn orí ọkọ mi bóyá ó mọ ibi tí a wà. Lẹ́ẹ̀kan, ó bèèrè bóyá Ààyè la ń lọ. Ọmọ rẹ̀ sọ ibi tí à ń lọ fún un, ó ní, "Hẹn-ẹn," a sì ń bá ọ̀nà lọ.

Nígbà tí a débẹ̀, ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì ní ẹnu ọ̀nà, tí gbogbo àlejò gbọ́dọ̀ kọ orúkọ sí. Ọkọ mi gba báírò. Ó kọ orúkọ rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti bèèrè iṣẹ́, ó kọ "olùkọ́". Nígbà tó dé ibi ọjọ́ àti ọdún, ọwọ́ rẹ̀ dúró sókè. Ẹnu mi ti ṣí. Mo pa á dé. Ó yí sí ẹ̀gbọ́n, ó bi í lóhùn kékeré pé, "Kí ni òní?" Ọmọ náà sọ ọjọ́ fún un, ó sọ oṣù, ó sì fi ọdún kún un láì jẹ́ pé ó bèèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ọmọ ṣe ń na ṣọ́ọ̀kì sí olùkọ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́. Ó wá nàró.

"Ẹ tò wọlé," ló wí fún wa, a sì tò wọlé.

Níbi tí wọ́n to egungun orí ẹranko sí, ó ṣàlàyé fún àwọn ọmọ bí eyín ṣe ń sọ ohun tí ẹranko ń jẹ, títí ọkùnrin tó yẹ kó máa mú wa kiri fi dákẹ́, tó ń gbọ́. Láàárín wákàtí kan náà, ó bi mí lẹ́ẹ̀mẹta bóyá mo ti ilẹ̀kùn ilé. Mo dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí aago méjì lù, òun ló kọ́kọ́ wo aago.

Ìgbàgbé náà kò dúró láti ìgbà yẹn. Àwọn ọjọ́ wà báyìí tó máa ń bi mí pé ìgbà wo la fẹ́ lọ wo ilé yẹn. Mo máa ń sọ fún un pé a ti lọ, mo sì máa ń sọ ohun tó sọ nípa eyín níbẹ̀. Á ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀?" Inú rẹ̀ á dùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, tí àgbàlagbà tó ti ń gbàgbé bá wà nílé yín, mo bẹ̀ yín, ẹ fi àṣìṣe mi kọ́gbọ́n. Ẹ má jẹ́ kí ìbẹ̀rù mú yín máa ṣètò rẹ̀ bí ẹrù tí ẹ fẹ́ dì sínú mọ́tò. Ẹ sọ òótọ́ fún un, kí ẹ sì bi í léèrè ohun tó rò, nígbà tó ṣì lè dá yín lóhùn.